Èènì Kì Í Ṣáájú Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn awakọ̀ sọ níbi ìpàdé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ibi tí ariwo ti pọ̀ jù nìkan ni mo gé kúrò.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Alága wa, ẹ kú ètò. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ̀ ń wakọ̀, tí ẹ jókòó síwájú kí àwọn ọkùnrin má baà bò yín mọ́lẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ní Under-G láti àárọ̀, tí ẹ pa ọkọ̀ tì kí ẹ lè wá gbọ́rọ̀, ẹ kú àdánù wákàtí méjì. Ọlọ́run á fi ìlọ́po rẹ̀ dí i fún yín. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, mo kí gbogbo ilé.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí nǹkan méjì: owó tí èrò máa ń fi ta awakọ̀ lọ́rẹ, àti ààbò awakọ̀ tó ń fi fóònù gbérò. Nígbà tí akọ̀wé pè mí, mo ní ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló máa sọ méjèèjì ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, owó ò sí láti pe ẹlòmíràn. (Ẹ̀rín.) Mo wá jókòó, mo rò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí bó ṣe jẹ́.

Kí ni èènì?

Ta ló ti ra gàrí rí ní Ọjà Igbó? Gbogbo yín. Ó dáa. Ìyá oní-gàrí á bu gàrí sí kóńgò, á wọ́n ọn títí á fi ga ṣóńṣó, á dà á sínú ọ̀rá yín. Lẹ́yìn náà ló máa wá fọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Kí là ń pe ìyẹn? (Wọ́n dáhùn: Èènì!) Èènì ni. Ṣé ó kọ ọ́ sára pátákó pé òun á fún yín? Kò kọ ọ́. Bí kò bá fún yín ńkọ́, ṣé ẹ lè mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá? Ẹ ò lè mú un lọ. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́, ẹ lè kùn díẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú gàrí rẹ̀ tí ẹ bù ú fúnra yín, ohun tí ẹ máa gbọ́ lọ́jà lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní lè sọ ọ́ délé.

Owó tí èrò ń fún wa nígbà tí a bá gbé e dé ibi tó ń lọ, èènì ni. Tiwa kàn yàtọ̀ ní ti pé òǹrajà ló ń fún ọlọ́jà. Ní Amẹ́ríkà, èènì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan: ẹni tó jẹun nílé oúnjẹ tí kò fi bíi náírà 15 sí 20 kún gbogbo 100, kí n fi owó tiwa ṣe é, ojú ahun ni wọ́n á fi wò ó. Ní Jàpáàn ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá fi owó kún owó takisí lè rí i kí awakọ̀ dá a padà fún un, torí lójú tiwọn, iṣẹ́ tí a ti sanwó rẹ̀ ti parí. Ilé-iṣẹ́ Uber fúnra rẹ̀, tó ń fi áàpù so awakọ̀ pọ̀ mọ́ èrò, dé Èkó ní 2014, bẹ́ẹ̀ ọdún 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àyè èènì sórí áàpù wọn ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó dìgbà yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ fún èrò ni pé kò pọn dandan. Ẹ rí i pé ìlú sí ìlú ni.

Tiwa ńkọ́? Ẹnu ni tiwa pọ̀ sí ju orí áàpù lọ. "Ẹ mú ṣéńjì yẹn." "Ẹ fi ra omi." Àti àdúrà. Ọmọ ìlú yìí ni mí, mo mọ̀ pé àdúrà pọ̀ nínú èènì wa ju owó lọ. (Ẹ̀rín.) Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ máa ṣe àmín.

Mo gbé màmá kan lọ́dún tó kọjá láti ilé ìwòsàn lọ sí Arówómọ́lẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ ojú fún un ni. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó ló fi fóònù pè mí, ó sì ti sanwó. Nígbà tí a dé, mo di màmá lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà, torí gọ́tà kan wà níwájú ilé náà tí kò ní ìdérí. Màmá tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ₦200 tó ti ká jọ kéékèèké, ó ní, "Ọmọ mi, gbà." Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe? Mo gbọ́ ẹni tó ní òun ò ní gbà á. O ṣe dáadáa lójú ara rẹ. Ṣùgbọ́n wo màmá yẹn bó ṣe dúró síbẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà, tí awakọ̀ ń ní "Rárá, rárá, wọ́n ti sanwó," tó sì ti ń wọ mọ́tò lọ. Ọrẹ tó wá láti etí ìró àgbà, tí o bá kọ̀ ọ́ báyẹn, o ti dójú tì í lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

Mo tẹríba, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́ bí ẹni gba ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Mo wá ní, "Màmá, mo ti gbà á o. Èmi náà wá fi ra ẹ̀kọ fún yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á padà, ó wọlé. Kí n tó yí ọkọ̀ padà, ó ti mú ọsàn mẹ́ta jáde. Ọsàn yẹn, n ò lè dá a padà mọ́. Ẹ bá mi rántí ọsàn yẹn o, torí ẹnì kan máa fi mú mi tó bá yá.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bó jẹ́ ₦50, ẹ dúpẹ́. Bó jẹ́ àdúrà nìkan, ẹ dúpẹ́. Bí kò sí nǹkan kan rárá, ẹ ní "Ẹ kú ìrìn, ẹ wẹ̀yìn yín kí ẹ má gbàgbé ẹrù." Gbólóhùn yìí ti mú owó wá fún mi ju gbogbo ẹ̀bẹ̀ lọ, torí èrò tó bá wẹ̀yìn tó rí fóònù rẹ̀ lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ kì í wà ní òfìfo mọ́.

Ṣéńjì tí o dì mú

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí á ta àwọn kan létí, ara mi ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ń wakọ̀ n'Ìbàdàn nígbà náà. Mo gbé arábìnrin kan láti Mókólá lọ sí Bódìjà, owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,700. Ó fún mi ní ₦2,000. Ṣéńjì wà lápò mi. Mo ní, "Àǹtí, kò sí ṣéńjì o." Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín bí a ṣe máa ń sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kejì wà nínú báàgì? Ó ti mú ₦1,000 dání, ó ti ká a pọ̀, tèmi ni. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Ó wò mí, ó rọra dá owó náà padà, ó fa síìpù báàgì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo jèrè ₦300, mo pàdánù ₦1,000, lálẹ́ mo tún rí i pé ìràwọ̀ kan ni wọ́n fún mi.

Ṣéńjì ẹlòmíràn tí o dì mú, gbèsè ni, kì í ṣe èènì. Ẹ máa tọ́jú owó wẹ́wẹ́. Bí kò bá sí lóòótọ́, ẹ sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ jọ wá ojútùú.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ní epo wọ́n. Ṣé mo jiyàn? Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan tí owó ìjọba lórí rẹ̀ kò tó ₦200 di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí awakọ̀ tí ojú rẹ̀ kò rí màbo. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́yìn yín, òun náà ń ra gáàsì, ó ń sanwó ilé ìwé ọmọ. Bí owó ọkọ̀ kò bá tó, ẹnu ni kí ẹ fi sọ ọ́ kí táyà tó yí. Àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elénpe ìṣáájú. Ẹ má gba ₦1,500 lẹ́nu kí ẹ máa retí ₦2,500 lọ́kàn, kí ẹ wá máa dijú mágbárí mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Áàpù bíi inDrive, tó jẹ́ pé èrò fúnra rẹ̀ ló ń dá iye tó fẹ́ san, ó fàyè sílẹ̀ kí ẹ náà dá tiyín. Ẹ nájà níbẹ̀. Ìnájà kò sí nínú ìwà burúkú, ọmọ ọjà ni gbogbo wa.

Owó tó ṣáájú iṣẹ́

Ibí gan-an ni mo ń bọ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá oní-gàrí. Ṣé ẹ ti rí oní-gàrí tó kọ́kọ́ fún yín léèènì kó tó wọn gàrí? Tó ní, "Ẹ gba ẹ̀kúnwọ́ yìí ná, kí ẹ wá tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù"? Ṣé ẹ máa tẹ̀ lé e? (Wọ́n ní: Rárá!) Ẹ ò ní tẹ̀ lé e nítorí gàrí. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń tẹ̀ lé e nítorí owó?

Alẹ́ kan, aago mẹ́wàá ti kọjá, àwọn ọkùnrin méjì pè mí ní Ìwó Road. Mọ́níyà ni fóònù sọ pé wọ́n ń lọ. Wọ́n wọlé, wọ́n kí mi dáadáa, ọ̀kan pè mí ní "bọ̀dá wa." Nígbà tí a rìn díẹ̀, ó ní kí n fagi lé ìrìnàjò yẹn lórí fóònù, kí n gbé wọn dé Ọ̀yọ́. Ó na ₦10,000 sí mi látẹ̀yìn, ó ní, "Èyí kì í ṣe owó ọkọ̀ o, ọrẹ ni. A ṣì máa sanwó." N ò tíì ṣe nǹkan kan fún wọn tí ọrẹ fi dé. Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé mo gbọ́n lójú ẹsẹ̀. N ò gbọ́n. Mo ti ń ṣírò rẹ̀ lórí: owó ilé ìwé Káyọ̀dé ọmọ mi ti pé. Ohun tó gbà mí kì í ṣe ọgbọ́n, kíkéré tí epo mi kéré ni. Mo ní mo gbọ́dọ̀ ra epo. Mo yà sí ilé epo kan ní Ojóò tí iná wà, tí èèyàn pọ̀. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ tó ń ta epo sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì jáde. Wọ́n ní àwọn ti yí ìpinnu padà. Ọ̀kan wá sọ́dọ̀ mi, ó gba ₦10,000 rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi.

Bóyá èèyàn rere ni wọ́n. N ò mọ̀ títí di òní, n kì í sì í fẹ̀sùn kan ẹni tí n kò ká ibi mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí wọ́n gbà padà nítorí pé iná tàn sí wọn lójú, irú ẹ̀bùn wo nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òmíràn tó fara jọ ọ́, torí èyí ló pọ̀ ní ìgboro yìí báyìí. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦5,000. Èrò á ní òun ti fi ránṣẹ́, á fi fóònù rẹ̀ hàn yín: ₦15,000! Á kígbe, "Yéè, mo ti ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ₦1,000 níbẹ̀, ẹ ka ₦9,000 fún mi lọ́wọ́." Ẹ ti rí èènì ₦1,000, ojú yín ti tàn, ẹ ti ń ka owó fún un. Nígbà tí ẹ máa fi wo àkáǹtì yín, kọ́bọ̀ ò wọlé. Àláàtì ayédèrú ni. Fóònù rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ wò, àtẹ̀jíṣẹ́ sì ṣeé ṣe ayédèrú. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ rí owó náà nínú iye tó kù sí yín lọ́wọ́. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège, ẹ jọ dúró. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ló fi owó tó pọ̀ jù ránṣẹ́, àkáǹtì tó ti wá ni kí ẹ dá a padà sí, kì í ṣe ọwọ́.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, ẹ bi í léèrè orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní ìdáhùn. Tí ẹ bá ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Ọ̀gbẹ́ni Báyìí?" ẹnikẹ́ni lè ní "Èmi ni." Ẹ ní, "Orúkọ wo ló wà lórí fóònù?" Arákùnrin wa kan ní òun ò lè bi bàbá tó wọ agbádá ní orúkọ, pé ìwọ̀sí ni. Ó yé mi. Ẹ kọ́kọ́ kí bàbá dáadáa, ẹ wá ní, "Ẹ má bínú sà, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ béèrè ni, kí a má lọ gbé ẹni ẹlẹ́ni." Bàbá tó bá bínú sí ìyẹn, kí ó máa fẹsẹ̀ rìn. (Àtẹ́wọ́.) Áàpù tó bá ní bọ́tìnì pàjáwìrì àti èyí tí ẹ fi lè jẹ́ kí ẹlòmíràn máa rí ibi tí ẹ wà, ẹ mọ ibi tó wà kí òkùnkùn tó ṣú. Ẹ̀yin tó jẹ́ WhatsApp lẹ fi ń gba ìpè, ẹ ní gúrúùpù yín: ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ síbẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Bó bá sì wá di pé wọ́n yọ ohun ìjà, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ọkọ̀ ṣeé rà.

Èrò náà ń bẹ̀rù yín o, a sì máa ń gbàgbé. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin á wọlé lálẹ́, á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, á máa ka nọ́ńbà ọkọ̀ yín sókè. Àwọn awakọ̀ kan á ní, "Ṣé olè ni mí ni?" Èmi, mo máa ń bá a kà á. Tó bá ṣi lẹ́tà kan pè, mo máa ń tún un ṣe. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń dúró kí iná mọ́tò mi tàn sí géètì títí á fi wọlé. N kì í béèrè kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló ń fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ síra wọn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sì sí èènì tó jùyẹn lọ tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí owó lè fún ni.

"Ẹ bá mi sáré"

A ti ń sọ̀rọ̀ olè, gbogbo yín ń mi orí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn awakọ̀ tí a ti sin, mélòó ni olè pa? Ẹ dákẹ́. Ojú ọ̀nà ló pa èyí tó pọ̀ jù. Ẹ mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti àtijọ́, ọ̀nà tóóró tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ń fojú kan ara wọn, tí tírélà mẹ́ta á tò tẹ̀ léra bí ọkọ̀ ojú irin. Èrò á wá jókòó síwájú yín, á ní, "Bọ̀dá, mo ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò n'Ìbàdàn laago mẹ́wàá. Ẹ bá mi sáré, màá ṣe yín dáadáa." Ẹ tún ti gbọ́ ọ? Èènì tó ṣáájú ọjà ni. Ọ̀nà tó lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà ni a fẹ́ lọ, owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí la fẹ́ fi ẹ̀mí márùn-ún dúró fún.

Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "A máa dé, sà. Ẹ pè wọ́n pé ẹ wà lọ́nà." Lẹ́yìn náà mo máa ń wakọ̀ bí mo ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ṣì ń fún mi ní nǹkan tí a bá dé. Àwọn kan kì í fún mi, wọ́n á sì fajú ro. Kò burú.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó lè dín ewu ikú kù dé ìdajì. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn náà ni mo ń sọ. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́ọ̀ọ́kán ni ẹ máa fà á sórí àyà bí ẹni tó ń wé gèlè ìkánjú. Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti ìdájí, tí oorun ń gbé e, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi igi dí ọ̀nà láti gba owó lọ́wọ́ wa, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́. Ọjọ́ mìíràn ni, nígbà tí ẹ bá ti wá ẹ̀ṣọ́ fún mi. (Ẹ̀rín.)

Ẹ yọ fóònù yín báyìí, ẹ kọ nọ́ńbà méjì yìí sílẹ̀: 112 fún pàjáwìrì gbogbo, 122 fún àwọn FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sára páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú, torí fóònù lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ yẹn.

Akọ̀wé ti ń fi aago hàn mí. Wọ́n ti fi ìwé ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi láti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí n kà á kí n tó jókòó. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wa lóṣù tó kọjá pé ká má jẹ ohun tí èrò bá fún wa nínú ọkọ̀. Kí ló wá dé tí ẹ fi gba ọsàn màmá?"

Mo sọ fún yín pé ẹnì kan máa fi mú mi. Kò burú, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi: ohun mímu tí wọ́n ti ṣí, bisikíìtì tí wọ́n ti já, midin-midin tí ọ̀rẹ́ tuntun na sí yín lójú ọ̀nà, ẹ má fi kan ẹnu. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí ni ọsàn yẹn dé, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹni tó fún mi, èèpo rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ gbáko. Mo gbé e délé. Ìyàwó mi ló fi ọ̀bẹ bó o, ó jẹ méjì níbẹ̀.

Ẹ gbé gbohùngbohùn fún màmá tó nawọ́ yẹn.